Ogún Tí Ogun Fi Sílẹ̀

Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn Bàbá Murdo.
Mo á po tíì rẹ̀, mo á wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un,
ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́, nítorí ẹsẹ̀ òsì máa ń dùn ún
bí òjò bá fẹ́ rọ̀,
kò sì sí ọjọ́ tí òjò kì í fẹ́ rọ̀ ní Inverlathie.

Láti ojú fèrèsé rẹ̀ la ti ń wo òkun.
Òkun Sìkọ́tílándì kò dúdú, kò funfun,
ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ògì.
Ọkùnrin mẹ́ta wà létí omi, aṣọ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀,
wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan kiri orí iyanrìn
bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹ̀rọ á ké tíkì. Á dákẹ́.
Á tún ké tíkì, tíkì, tíkìtíkìtíkì,
ọ̀kan nínú wọn á sì bẹ̀rẹ̀, á ri àsíá pupa mọ́lẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń wá, Bàbá?"
Bàbá gbé ife kalẹ̀.
"Èmi ni wọ́n ń wá."

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán.
Wọ́n kó ọkọ̀ òfurufú jọ sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
èyí tó ti ja ogun bọ̀, tí kò rí ẹni wà á mọ́.
Ọ̀gá ní kí wọ́n fi àáké là wọ́n, kí wọ́n dáná sun wọ́n.
Ojú aago inú wọn ń tàn bí tanátaná,
ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, kí awakọ̀ lè ka wákàtí lóru
láìtan iná fún ọ̀tá.
Wọ́n sun ún. Ọ̀dà yẹn kò jóná.
Wọ́n kó eérú dà sétí òkun, wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó,
wọ́n lọ jẹun.
Irin tó sìn wọ́n, àwọn náà sin ín.

"Mo mú aago kan lọ fún Isobel," ó ní,
"ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí."
Mi ò bi í pé kí ló ṣe Isobel.
Bàbá ti di ẹni márùndínlọ́gọ́rùn-ún;
obìnrin tó wà nínú àwòrán ara ògiri
kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ogun tán, ogún kù.
Ajagun ti lọ, ajogún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé,
àwa tí a kò mọ̀ pé wọ́n ti pín nǹkan fún wa.
Wọ́n ní ilẹ̀ kò lẹ́nu.
Ta ló wá ń ké tíkì?

Nígbà tí mo gba ilé, ọmọkùnrin tó mú mi yí i ká
fọwọ́ sọ ojú fèrèsé: "Ẹ wò ó, ẹ ó máa rí òkun."
Bó bá jẹ́ nílé ni, mo á ti wá àgbà kan lọ,
mo á ti bi í pé kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀.
Ìwé ni mo kàn buwọ́ lù.

Ìyíọlá ọmọ mi ń ṣa òkúta létí omi láti ìgbà ẹ̀rùn.
Inú páálí bàtà ló ń kó wọn sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo paná, mo ṣí páálí náà,
mo ń retí kí nǹkan kan tàn.
Òkùnkùn ni.
Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Bàbá padà bọ́ sí mi létí:
ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́,
ohun tó ń jóni nínú rẹ̀ ni kò kú.

Ilẹ̀ mọ́, a gbé páálí lọ bá àwọn aláṣọ funfun.
Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e. Mo di èémí mú.
Ìyíọlá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wọn:
"Ẹ gbọ́ tèmi náà."